Ìpà Ọdẹ́gbàmí àti Ìpè Tí N Kò Gbọdọ̀ Jẹ́

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Òkúdu, ọdún 1974, ẹfọ̀n pa ọmọ mi, Ọdẹ́gbàmí, lẹ́yìn odò. Òun nìkan ni ọkùnrin tí mo bí.

Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ sábẹ́ òrùlé mi lónìí, ẹ má ṣe kí mi kú ọ̀fọ̀ mọ́, nítorí kì í ṣe ìbánikẹ́dùn ni mo torí rẹ̀ pè yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí ìdí tí mo fi ń tiro, àti ìdí tí mo fi máa ń jókòó lójijì sílẹ̀ láàárín ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹní fún mi níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ gùn. Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Kí ẹni tí ń wú ikọ́ wú u tán, nítorí n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí mo gbé rù, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí à ń pè ní ìpà. Bí ọdẹ bá kú ní ìlú wa, sísin òkú rẹ̀ nìkan kò tó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kó ohun ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a dì í ní ẹrù kan. Ẹrù náà ni ìpà. Wọn a gbé e lọ sí Igbó Àìdáhùn, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé lásán, wọn a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn a sì pe orúkọ òkú náà nígbà mẹ́ta. Bí kò bá dáhùn, ó ti lọ nìyẹn, ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ayé. Ṣùgbọ́n bí ìpà rẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, yóò máa rìn káàkiri ẹ̀yìn ìlú, yóò sì máa pe àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi tẹ̀lé e. Àwọn àgbà tún fi òfin kan tì í pé bàbá kì í gbé ìpà ọmọ rẹ̀, bí bàbá kì í ti í wo ojú oórì ọmọ rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọdẹ́gbàmí gbé ìpà rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀. Kí oòrùn tó yí, wọ́n ti gbé e padà. Wọ́n ní ohùn kan ń pe àwọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú igbó, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí Ọdẹ́gbàmí ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn kò lè gbójú sókè. N kò bá wọn wí. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn ọmọ mi ti ń pe ìyàwó rẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ni orúkọ ìyàwó náà, oyún rẹ̀ sì ti yọ. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, a ó gbọ́ tí yóò dáhùn nídìí àdògán pé, "Mò ń bọ̀ o," bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó pè é lójú wa. Kò jẹun mọ́ àfi bí a bá fi ipá bọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, bá a nínú ìloro pẹ̀lú ẹrù aṣọ rẹ̀ lórí. Ó bi í pé níbo ló ń lọ. Àbẹ̀jẹ́ ní ọkọ òun ní kí òun máa kálọ, pé ọ̀nà náà kò jìn. Àwẹ̀ró dì í mú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èmi náà kò bọ́ níbẹ̀. Mò ń pọ́n àdá lọ́wọ́, mo gbọ́ "Bàbá mi" lẹ́yìn mi, mo ní "Hẹ̀n," ohun tí mo tún mọ̀ ni omi tútù lójú mi àti ọwọ́ Àwẹ̀ró lábẹ́ orí mi. Mo ti dákú. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lóko, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ ní ojúbọ Ògún. Ìgbàkígbà tí mo bá ti dáhùn, ilẹ̀ ni.

Mo tọ Olúọdẹ wa lọ, ìyẹn Ògúnwándé, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Mo sọ fún un pé n ó gbé ìpà náà fúnra mi. Ó ní:

"Bàbá Ọdẹ́gbàmí, ohun tí kò ṣe é gbé lo fẹ́ gbé yìí."

"Olúọdẹ, ẹ fi ẹni tí yóò gbé e hàn mí."

Kò rí ẹnìkan fi hàn mí. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré: "Ọdẹ kì í jẹ́ ìpè nínú igbó. Súfèé ni ọdẹ ń sú. Ẹni tó bá pè ọ́ lórúkọ láàárín igi, má ṣe dá a lóhùn, ì báà jẹ́ ohùn ìyá tó bí ọ. O gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Etí ló gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ, nítorí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí mo ṣe ń tiro yìí ni wọ́n ṣe bí mi. Kò sí ọdẹ tó lè sáré tó mi ní ilẹ̀ yìí. Mo lé ẹtu kan rí láti òwúrọ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi dúró, tó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé kí ni òun jẹ bàbá mi. Eré tí ajá bá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin. Èmi ni ẹṣin náà. Ọdẹ́gbàmí jogún ẹsẹ̀ yìí lára mi. Ọjọ́ tí ẹfọ̀n kọjú sí i, ó sáré, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó sáré dáadáa.

Mo gbé ìpà náà rù ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì pọ̀. Nígbà tí mo kọjá ibi tí oko parí sí, igbó pa ẹnu dé mọ́ mi lẹ́yìn. N kò ní máa ka igi fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibi tí mo dé, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì ń wo ènìyàn bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tí kò kí ni.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ níwájú mi: "Bàbá mi, ẹ gbà mí."

Kì í ṣe ohùn iwin. Mo mọ ohùn iwin. Ohùn ọmọ mi ni, bó ṣe máa ń pè mí nígbà tó wà ní kékeré tí egbò bá ń dùn ún. Mo sáré. Èmi àgbàlagbà, pẹ̀lú ẹrù lórí, mo sáré gba inú ẹ̀gún kọjá bí ẹni ogún ọdún. Ohùn náà ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀lé e. Lójijì ni iṣan ẹ̀yìn itan mi ọ̀tún já bí okùn ìdẹkùn. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Bí mo ṣe ń ṣubú ni mo ń ké pé, "Ọmọ mi, mò ń bọ̀." Èmi tí mo ti sọ fún Olúọdẹ pé mo gbọ́.

Bí mo ti dáhùn ni ojú mi ṣókùnkùn, mo dákú. Nínú dídákú náà mo rí ibì kan tí kò sí oòrùn, tí kò sì ṣú. Ọmọ mi jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Aṣọ tí a fi sin ín ló wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi kò dé. Ó ní, láìwẹ̀yìn, "Bàbá, ẹ padà lẹ́yìn mi."

Ìjàlọ ló jí mi. Wọ́n ti gba ọrùn mi dé etí. Mo gbọn wọ́n dànù, mo gbìyànjú láti dìde, itan mi kọ̀. Nígbà tí mo wá ẹrù mi, mo rí i pé iwin kan ti jókòó lé e lórí. Iwin náà kúrú, irun bo gbogbo ara rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ló sì wà níwájú. Ó ń jẹ èso kan, ó ń tu kóró rẹ̀ sí mi lára.

Ó ní, "Ọdẹ, ẹ kú eré o. A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Èwo ni tìrẹ?"

Mo ní ọmọ mi ni mo ń lé. Ó ní òkú kì í sáré. Mo ní a jẹ́ pé nǹkan ló ń lé mi. Ó ní kí ni? N kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹrù náà fi ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo ti fi ọwọ́ lásán mú irú rẹ̀ mẹ́ta so mọ́ igi rí, mo sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Itan mi nìkan ni kò jẹ́ kí n dìde sí i.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ yí padà. "N ó bi ọ́ ní ọ̀kan sí i. Bí o bá sáré bá a, kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi, ó jókòó síbẹ̀. Ó fò sọ̀kalẹ̀, ó ní ìgbà tí mo bá mọ̀ ni ẹrù náà yóò fúyẹ́, pé ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá jẹ́ ìpè, yóò wúwo sí i. Ó wọ inú igbó lọ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí mi bó ti ń lọ. Mo gbé ìpà náà, mo rí i pé kò parọ́. Ó ti wúwo bí àgbò ńlá.

Mo gé igi, mo fi ṣe ọ̀pá. Mo fi ẹsẹ̀ kan rìn, mo wọ́ èkejì, títí mo fi gúnlẹ̀ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Má-Dúró. Nínú gbogbo ìlú tí mo ti wọ̀, kò sí èyí tó ṣe mí láàánú tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ń sáré. Wọ́n ń sáré dáná, wọ́n ń sáré jẹun, ìyá ń sáré fún ọmọ lọ́mú. Orúnkún wọn ti wú bí àgbọn, wọ́n fi ìko dì í. Àwọn mìíràn ti sáré títí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fi tán, egungun ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀. Kò sí àga kankan ní ìlú náà.

Mo bi ọkùnrin kan ní ojú ọjà pé kí ló ń lé wọn. Kò dúró. Ó ń yí ọjà náà po ni, ìgbà tó bá sì kọjá lọ́dọ̀ mi ló máa ń bu ìdáhùn díẹ̀ fún mi.

"Àwa kì í dúró níbí," ó ti lọ.

Mo dúró dè é. Ó tún yọ. "Nítorí pé ẹni tó bá dúró," ó tún ti lọ.

Ó pẹ́ kí ó tó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń mí bí ẹwìrì. "Yóò gbọ́ ohùn òkú rẹ̀. Ẹ kúrò lọ́nà, bàbá, ẹ ń dí èrò lọ́wọ́."

Ọba wọn náà ń sáré, ẹni tó gbé agboòrùn rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e. Wọ́n mú mi tọ̀ ọ́ lọ. Ó sọ fún mi, bí mo ti ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun rí ẹsẹ̀ mi, òun sì rí i lójú mi pé mo máa ń dákú. Pé àìsàn kan náà ni wọ́n. Pé ewé kan wà lọ́wọ́ òun tó lè mú ìrora itan kúrò kíá, bí mo bá sì ti ń bá wọn sáré, n kò ní gbọ́ ohùn kankan mọ́, n kò sì ní dákú mọ́. Mo bi í pé ẹrù mi ńkọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ nù, pé ẹni tí ń sáré kì í rẹrù.

N kò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n mo gba ewé náà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò já rí ló ń sọ pé òun kò ní gbà á. Wọ́n fún un sí mi ní itan, ìrora náà lọ bí ìgbà tí a pa iná. Mo sáré yí ọjà ká, ó dùn mọ́ mi. Òtítọ́ ni, ohùn náà dákẹ́. Mo tún yí i ká. Ọkàn mi fúyẹ́, orí mi mọ́ rekete. Lẹ́yìn náà mo rí ẹrù kan nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì bi ọkùnrin tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ta ló ni ẹrù yìí?"

Ó ní òun kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Mo wá orúkọ ọmọ mi nínú orí mi, n kò rí i. Mo rántí pé aboyún kan wà tí kò jẹun, n kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ ju ẹ̀rù ẹkùn lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Èmi tí ọmọ mi kú ló tún ń sọ ọ́ nù yìí. Mo dúró gbọnyin láàárín èrò. Bí mo ti dúró ni ewé náà kú lára mi, ìyókù iṣan náà já, orúkọ náà padà: Ọdẹ́gbàmí. Mo gbé ìpà náà mọ́ra, ilẹ̀ sì yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fò mí kọjá bí wọ́n ṣe ń fò igi tó wó. Ẹnìkan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kò bẹ̀ mí.

Nígbà tí mo lajú, mo wà lẹ́yìn odi ìlú náà. Arúgbó obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń fi èèpo igi tútù di itan mi, kò sì fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ ṣe é. Jókòójẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti bá wọn sáré títí, ó ní ó sú òun, ó jókòó, wọ́n sì lé e síta.

Ó ní, "Ọdẹ tí ń lé ẹran. Ẹran ti kú, ọdẹ ò dúró. Orí rẹ kò pé."

Mo ní kí ó rọra dì í.

"Ìgbà tó ń já, ṣé o ní kó rọra já?"

Ó gbé àsáró kaná fún mi, kò ní iyọ̀. Bí mo ti ń jẹun ni ó ń kọ́ mi, bí ìgbà tí à ń kọ́ ọmọ ní òwe. Ó ní ẹsẹ̀ yìí kò ní padà sí bó ṣe wà, kí n yé retí rẹ̀. Kí n máa gbé ọ̀pá sí ọwọ́ òsì, kí n má ṣe na ẹsẹ̀ náà jù. Bí ó bá ń gbóná, kí n dúró, kí n má pe ara mi ní akọ. Ní ti dídákú, ó ní kì í déédéé bá ènìyàn, ènìyàn ni kì í wo ẹ̀yìn ọ̀nà. Ohùn ayé á kọ́kọ́ jìnnà, itọ́ á pọ̀ lẹ́nu, òógùn tútù á yọ níwájú orí. "Bí o bá ti rí èyí, jókòó. Má wo ẹni tó ń wò ọ́. Bí kò bá lọ, dùbúlẹ̀, kí o gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí ẹrù rẹ. Ẹni tí ìjì dé bá tó jókòó, kì í ṣe ojo."

Mo bi í pé ohùn náà ńkọ́.

Ó ní, "Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọmọ mi ń pe èmi náà. Ní ọ̀sán gangan ló máa ń pè. Mo máa ń jókòó, mo máa ń gbọ́ ọ tán. N kì í dáhùn."

"Kí ló dé tí ẹ kì í dáhùn?"

"Nítorí pé mo bí i ire."

Ó ní kí n dìde, pé oòrùn ń yí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un dé ibi tí itan mi gbà mí dé, mo sì lọ.

Odò kan ló wà láàárín mi àti Igbó Àìdáhùn. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn. Omi náà dúdú, àwọn ohun kan tó ní ojú ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ mí. Wọ́n ń kí mi ní oríkì, oríkì tí wọ́n fi ń ki mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́: Ọdẹ́rìnlọ asárébíìjì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ìrì. Wọ́n ní kí n dìde, kí n sáré kọjá kí àwọn wò ó. Mo kúnlẹ̀. Mo rá bí ọmọdé, mo fi okùn fa ìpà náà lẹ́yìn mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí mi ní ìpàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Ẹ wá wo ẹṣin." Mo fara dà á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń wo ibi tí ọwọ́ mi ń dì mú.

Ní àárín igi náà, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi. Itọ́ kún ẹnu mi, òógùn tútù yọ. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá bá a jà, ǹ bá sì já sínú omi. Mo fi okùn ẹrù so ara mi mọ́ igi, mo dojú bolẹ̀ lé e, mo jẹ́ kó dé.

Ibi tí kò sí oòrùn yẹn náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí Ọdẹ́gbàmí kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ kò ní ọgbẹ́. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè dì í mú, mo sì dì í mú. Mo ti sáré bá a. Mo dúró síbẹ̀, mo di ọmọ mi mú lápá, n kò sì ní ohun kan tí mo lè fi í ṣe. N kò lè mú un wálé. N kò lè bá a jẹun. Ìdáhùn ìbéèrè iwin náà nìyẹn, òfìfo ni.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kò jẹ́ kí n lọ. Bí ẹ bá ti dáhùn, ẹsẹ̀ mi á yí padà sílé. Bó bá ti yí sílé, Àbẹ̀jẹ́ ni mo máa ń bá pàdé."

"Kí ló dé tí o fi ń pè wá?"

"Òkú kì í mọ̀ pé òun ń pè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹ ń dáhùn."

Mo bi í pé ta ni yóò máa pè mí ní bàbá bí ó bá lọ. Ó wo ọwọ́ mi tó wà lápá rẹ̀, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń wo ọwọ́ àgbà tí kò lè já gbà. Mo tú ọwọ́ mi. Ìka mi ọ̀kan kò fẹ́. Mo fi ọwọ́ kejì tú u.

Mo jí lórí igi náà. Àwọn ará inú omi ti rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ti lọ. Nígbà tí mo fa okùn, ìpà náà tẹ̀lé mi bí ẹrù òwú.

Igbó Àìdáhùn kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò. Bí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé ewé gbígbẹ níbẹ̀, ewé náà kì í dún. Ìpà àwọn ọdẹ àtijọ́ wà nídìí igi káàkiri, òmíràn ti hu ewé, òmíràn ti di ilẹ̀. Mo rí ti bàbá mi. N kò dúró tì í. Mo wá ìdí igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́jú, mo sọ ẹrù náà kalẹ̀, mo tú u, mo to ohun inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà mo dìde dúró, mo fi ara ti ọ̀pá, mo pè é.

"Ọdẹ́gbàmí."

Kò dáhùn.

"Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́rìnlọ."

Kò dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó ṣòro. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, tí kò sì dáhùn, ó parí. Mo dúró títí itan mi fi ń gbọ̀n, mo sì pè é.

Kò dáhùn.

Mo yíjú sí ọ̀nà ilé. N kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, kedere, ní ohùn kékeré yẹn: "Bàbá mi."

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ nínú ilé yìí, ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá sọ èyí. Kò sí òbí tí ọmọ rẹ̀ pè é tí ara rẹ̀ kò dáhùn kí ẹnu tó dáhùn. Ohùn ayé jìnnà sí mi. Òógùn tútù yọ. Mo jókòó. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo fi eyín di àtẹ́lẹwọ́ mi mú títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó tún pè mí. Ó pè mí bí ọmọ tó rò pé n kò gbọ́ ni. Ó pè mí bí ọmọ tí ń bínú. Ó wá ń pè mí bí ọmọ tí ń sùn lọ, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn náà ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, ó gba ìdí igi lọ, ó gba ìsàlẹ̀ lọ, títí n kò fi lè mọ̀ bóyá mò ń gbọ́ ọ tàbí mò ń rántí rẹ̀. N kò dáhùn. N kò sì dákú.

Nígbà tí mo délé, Àbẹ̀jẹ́ wà nídìí àdògán, ó ń jẹ iṣu sísun. Kò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó dìde, ó bu omi fún mi, ó sì tún jókòó ti iṣu rẹ̀. Olúọdẹ kò bá mi wí, kò sì yìn mí. Ó ní ẹni tó ṣe ohun tí mo ṣe kò gbọdọ̀ sáré mọ́ nínú igbó láéláé. Mo ní kò sí èyí tí mo fẹ́ fi sáré nínú ẹsẹ̀ méjèèjì. Dídákú náà ṣì ń wá bá mi, ṣùgbọ́n mo ti ń rí i lókèèrè. Bí ẹ bá rí mi tí mo jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹ máa lọ. Ẹ má da omi sí mi lójú. Mo ń gbọ́ nǹkan kan tán ni.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú Igbó Àìdáhùn nìyí:

Gbérí ọdẹ rẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ òsì ya.

Ìbọn ṣakabùlà kan, mo ti yọ ẹ̀tù inú rẹ̀.

Àdá rẹ̀, àti òkúta tó fi ń pọ́n ọn.

Apó rẹ̀. Obì kan wà nínú rẹ̀ tó ti jẹ ìdajì.

Fìtílà orí rẹ̀, tí kò ní òwú mọ́.

Ọ̀pá mi, nítorí a kì í gé igi nínú igbó náà láti fi sàmì ibẹ̀. Mo gé òmíràn nígbà tí mo kọjá odò.

Eyín mi kan, èyí tó yọ nígbà tí mo di àtẹ́lẹwọ́ mi mú.

Bàtà rẹ̀. Mo ti fọ ẹrẹ̀ odò kúrò lára wọn kí n tó gbé wọn lọ.